Sí ẹ̀yin oníbàárà wa: ìdí tí owó iṣẹ́ Quad II fi yí padà

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó Ìlú Ọba. Láti oṣù tó ń bọ̀, owó iṣẹ́ lórí ańpílífáyà Quad II méjì, tó jẹ́ £220 tẹ́lẹ̀, ti di £310, owó fáàfù (gílóòbù inú ẹ̀rọ tó ń mú kí ohùn lágbára) ò sí nínú rẹ̀. Bákan náà, a ò ní máa gba ańpílífáyà tí ẹni tó ni ín bá ní ká ṣáà fi fáàfù tuntun sí i, ká má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Mo mọ̀ pé inú ti ń bí àwọn kan. Ẹnì kan tiẹ̀ bi mí lórí fóònù bóyá ilé ni mò ń kọ́ sí Lẹ́kì. Mi ò kọ́lé síbì kankan o.

Fáàfù ló fà á. Nígbà tí Peter Walker, ẹni tó dá ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Quad sílẹ̀, àtàwọn èèyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Quad II ní Huntingdon ní 1953, KT66, fáàfù ńlá méjì tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ilé iṣẹ́ M-O Valve ní Hammersmith, Lọ́ńdọ̀nù níbí, ló ń ṣe é. Ilé iṣẹ́ yẹn kógbá wọlé ní 1988. Díẹ̀ tó kù lọ́wọ́ àwọn tó tọ́jú rẹ̀ pamọ́, iye tí wọ́n ń pè é kì í ṣe ohun tí mo lè sọ lójú ìyá mi. Èyí tuntun tí a ń rí rà, Saratov ní Rọ́ṣíà tàbí Čadca ní Slovakia ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá; Ṣáínà náà ń ṣe tiwọn. Ní oṣù Kẹta 2022, Rọ́ṣíà fòfin de kíkó fáàfù jáde. Wọ́n padà dẹ okùn òfin náà, àmọ́ owó tó ti gun òkè àjà kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ ara páálí tàn yín: Mullard, orúkọ ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, tí wọ́n kọ sára fáàfù EL34 tuntun, Saratov ni wọ́n ti ṣe é, kì í ṣe Blackburn ní Ìlú Ọba bíi ti àtijọ́.

Ẹni tó ń kó fáàfù wá fún wa wá ní tirẹ̀. Ó fẹ́ gba owó kó tó wá ọjà. Ó ń bu owó lé méjì tó bá pè ní ìbejì, ìyẹn àwọn tí agbára wọn dọ́gba, àmọ́ tí a bá gbé wọn sórí ẹ̀rọ ìdíwọ̀n, Táíwò á ti jẹ àmàlà abọ́ méjì kí Kẹ́hìndé tó fọwọ́. Ká dá a padà, àwa la ó san owó ìfiránṣẹ́. Ká bínú, kò sí ẹlòmíì nítòsí tó ní in lọ́wọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀rọ yín. Nínú Quad II kọ̀ọ̀kan, resistor (ohun tó ń dín ìṣàn iná kù) kan ṣoṣo, 180 ohm, ni KT66 méjèèjì jọ ń lò ní cathode wọn, ìyẹn ẹsẹ̀ tí iná ń gbà jáde. Tí agbára wọn bá dọ́gba, kò séwu. Tí ọ̀kan bá ń fa iná ju ìkejì lọ, resistor yẹn ò lè mọ̀ ọ́n, torí àpapọ̀ iná àwọn méjèèjì ló ń gba ara rẹ̀ kọjá. Tíráńsífọ́mà tó ń gbé ohùn jáde ló máa jẹ ìyà rẹ̀: bàásì á rọ, ohùn ìlù á dàrú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fún fáàfù kọ̀ọ̀kan ní resistor tirẹ̀, nǹkan bíi 360 ohm, pẹ̀lú capacitor (ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́ fúngbà díẹ̀) tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá fẹ́ ṣàṣejù, resistor tirẹ̀ á fà á sẹ́yìn. Fáàfù tó wà lọ́jà lónìí nílò irú àbójútó bẹ́ẹ̀.

A tún ń pààrọ̀ capacitor kékeré méjì tó wà láàárín EF86, àwọn fáàfù kékeré tó ṣáájú, àti KT66. Tí wọ́n bá ti gbó, iná tí kò yẹ kó kọjá á máa jò kọjá, fáàfù olówó iyebíye yín á sì pọ́n títí á fi kú. Ìyókù, wáyà iná, wáyà ilẹ̀, àwọn capacitor ńlá, iṣẹ́ ojoojúmọ́ nìyẹn. (Ẹ̀yin tí ẹ ń ní kí n fi capacitor ràgàjì sí i kí bàásì lè dún, GZ32, fáàfù tó ń fún ẹ̀rọ níná, ò lè gbé e. Ẹ jẹ́ kó sinmi.) A kì í lu ihò tuntun sára irin rẹ̀, tíráńsífọ́mà àtijọ́ náà ò ní kúrò, a ó sì kó gbogbo ohun tí a bá yọ sínú ọ̀rá fún yín.

Ó ti rẹ̀ mí láti máa fi fáàfù tuntun sínú ẹ̀rọ tó máa jó o, kí ẹni tó ni ín tún wá máa sọ níbi ayẹyẹ pé ọwọ́ mi ò dáa. Ọwọ́ mi dáa. Àwọn tó mọ̀ mí láti Mushin lè jẹ́rìí.

Ẹni tó bá ti san àsansílẹ̀, owó àtijọ́ la ó gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ̀rọ yín ti wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wá kí oṣù yìí tó parí, ká mọ̀ bóyá ká ṣe é tàbí ẹ ó wá gbé e. Ańpílífáyà méjèèjì ni kí ẹ máa gbé wá pọ̀, kì í ṣe ọ̀kan. A ò sì ní máa ṣí ní Sátidé mọ́. Òde àríyá ni gbogbo yín kúkú máa ń wà.

Tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù