Kí dílà tó gba owó lọ́wọ́ wa, kó sọ iye ọkọ̀ tó wà níkàáwọ́ rẹ̀

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Oníṣòwò iṣu àti ìrẹsì ni mí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti ń gbọ́ pé àwọn tó ń ta ọkọ̀ tuntun, tí à ń pè ní dílà, ń gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa lórí ọkọ̀ haíbíríìdì, ìyẹn èyí tó ń lo bẹntiróòlù àti iná pọ̀, àti ọkọ̀ onígáàsì tí kò tíì sí nílẹ̀. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí mo wà ti san tiwọn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí rìsíìtì wọn. Orúkọ wà níbẹ̀, iye tí wọ́n san wà níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n san án wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iye tí ọkọ̀ náà máa jẹ́ lọ́jọ́ tó bá dé, kò sí níbẹ̀. Ìgbà tó máa dé, kò sí níbẹ̀. Ẹni mélòó ló wà níwájú wọn lórí ìlà, kò sí níbẹ̀. Àyà mi já, torí irú ìwé bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n fún àbúrò mi ní Amẹ́ríkà, mo sì mọ ibi tó já sí.

Ọkọ̀ tí àbúrò mi fẹ́ rà ni Ford Maverick, èyí tí wọ́n fi han ayé lóṣù kẹfà ọdún 2021. Píkọ́ọ̀pù ni, ó kéré sí Hilux tí gbogbo wa mọ̀, àmọ́ ìdílé kan lè jókòó sínú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń gba ẹrù. Ní ti haíbíríìdì rẹ̀, ẹ́ńjìnnì tó ń mu bẹntiróòlù àti mọ́tò tó ń lo iná ló jọ ń tì í. Kò sí pé ẹnì kan ń fi wáyà gba iná sí bátìrì rẹ̀. Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló ń rọ iná sí i bó ṣe ń rìn àti nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì. Ìjọba Amẹ́ríkà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní èyí tó kọ́kọ́ jáde máa rin máìlì 42 lórí gálọ́ọ̀nù kan nínú ìgboro. Lọ́nà tiwa, ó ju kìlómítà 17 lọ lórí lítà kan. Ọ̀nà Adó sí Àkúrẹ́ tó gba Ìkẹ́rẹ́ kọjá ò ju nǹkan bíi kìlómítà 50 lọ. Kí ẹni tó ń fi píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kó iṣu lójú ọ̀nà yẹn wo iye epo tó ń rà láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ lórí bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún ọdún 2023, yóò mọ ìdí tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń wu èèyàn.

Ó wu àwọn ará Amẹ́ríkà náà. Iye tí wọ́n kọ́kọ́ dá lé e jẹ́ 19,995 dọ́là, láìka owó gbígbé e wá, haíbíríìdì sì ni èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lọ nínú wọn. Wọn kì í sábà rí píkọ́ọ̀pù tuntun ní iye yẹn níbẹ̀ mọ́. Kó tó pẹ́, àwọn tó ti fi orúkọ sílẹ̀ ti ju ọ̀kẹ́ márùn-ún, ìyẹn 100,000. Bẹ́ẹ̀ ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń tò ó, ní Hermosillo ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, wọ́n sì ń to ọkọ̀ mìíràn níbẹ̀ pẹ̀lú. Àkókò náà tún bọ́ sí ìgbà tí àwọn ṣípù kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń fi sínú ọkọ̀ wọ́n káàkiri ayé lẹ́yìn àrùn Kòrónà. Nígbà tó di ìparí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, Ford ní àwọn ò gba ọ́dà mọ́ fún ọdún yẹn. Wọ́n tún ṣí i lóṣù kẹsàn-án, kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí haíbíríìdì fi kún tí wọ́n sì tì í pa.

Inú ọjọ́ díẹ̀ yẹn ni àbúrò mi fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dílà ńlá kan nítòsí ibi tó ń gbé ní Texas. Ó san àsansílẹ̀, wọ́n fún un ní nọ́ńbà ọ́dà, ó sì pè mí lóru ọjọ́ náà pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa palẹ̀ mọ́ de píkọ́ọ̀pù yín." Àdéhùn wa ni pé bí tuntun bá ti dé ọwọ́ rẹ̀, píkọ́ọ̀pù tó ń lò tẹ́lẹ̀ máa wọ ọkọ̀ ojú omi, á sì di tèmi fún ẹrù kíkó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ oníbàárà ò mọ̀ ni pé nọ́ńbà ọ́dà kì í ṣe ọkọ̀. Ìpín ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpínlẹ̀ ò jẹ́ kí irú iléeṣẹ́ bíi Ford ta ọkọ̀ fún èèyàn ní tààrà. Àfi kó gba ọwọ́ dílà kọjá. Iléeṣẹ́ á wo iye ọkọ̀ tó lè tò, á wo àwọn ẹ̀yà tó wà nílẹ̀, á wá pín in láàárín àwọn dílà. Dílà tó bá ń tà púpọ̀, tí ọkọ̀ kì í pẹ́ nílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ìpín tirẹ̀ á pọ̀. Ti ìlú kékeré lè jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì. Inú ìpín yẹn ni dílà ti ń mú ọ́dà àwọn oníbàárà rẹ̀, òun náà ló sì ń fi nọ́ńbà ipò sí ọ́dà kọ̀ọ̀kan, kí iléeṣẹ́ lè mọ èyí tó fẹ́ kó ṣáájú. Bó bá gba orúkọ ogójì èèyàn, tó sì jẹ́ pé haíbíríìdì márùn-ún ló kàn án, ẹni kẹfà ti wọ àlá. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fi ipò kìíní sí i lára, nọ́ńbà ò lè bí ọkọ̀ tí kò sí nínú ìpín. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni ti àwọn ẹ̀yà tó wọ́n. Ẹni tó bá béèrè ohun èèlò kan tí kò tó nílẹ̀, ọ́dà rẹ̀ lè dúró gbọn-in nígbà tí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí kò béèrè ju ọkọ̀ gbẹrẹfu lọ, bá ti gba tirẹ̀. Ọjọ́ tí iléeṣẹ́ bá sọ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa tò ó, tí ọ́dà náà sì ti ní nọ́ńbà ṣáàsì, ọjọ́ yẹn gan-an ni èèyàn tó lè sọ pé ọkọ̀ òun ń bọ̀.

Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún àbúrò mi lọ́jọ́ tó ń sanwó. Bó bá pè wọ́n, "o wà lórí ìlà" ni wọ́n ń sọ. Ìlà wo? Ẹni mélòó ló wà níwájú? Ẹ̀rín ni wọ́n á rín. Ó dọjọ́ kan tó yà síbẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀, ó bá haíbíríìdì kan nínú ọgbà wọn, irú èyí tó béèrè gẹ́lẹ́. Wọ́n ní ẹni tó ni ín kò rà á mọ́. Ìwé iye owó tí òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1958 ní kí ó máa wà lára gíláàsì ọkọ̀ tuntun wà níbẹ̀. Wọ́n wá lẹ ìwé kékeré mìíràn mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àlékún ẹgbẹ̀rún mélòó kan dọ́là tí dílà fúnra rẹ̀ gbé lé e. Àbúrò mi ní ṣé kì í ṣe òun tóun wà lórí ìlà ló yẹ kó kàn ni. Ọmọ tó ń bá wọn tajà dá a lóhùn pé bó bá lè san iye tó wà níbẹ̀, kó máa gbé e lọ, bí kò bá lè san án, ẹlòmíràn ń bọ̀ lọ́la. Nígbà tó fi máa kan ọkọ̀ ti ọdún 2024, haíbíríìdì kì í ṣe èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lọ mọ́; owó ni wọ́n ń san lé e kí wọ́n tó rí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí èyí ṣe kàn mí ní Ìkẹ́rẹ́, torí àwọn kan á ní kí ló kan oníṣu pẹ̀lú dílà Texas. Bí àbúrò mi ò bá rí tuntun, kò lè fi ti àtijọ́ sílẹ̀. Báyìí ni tòkúnbọ̀ ṣe ń jẹ́ tòkúnbọ̀: ẹnì kan níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba tuntun. Nígbà tí tuntun ò dé ọwọ́ àwọn èèyàn lọ́dún 2021 àti 2022, ọkọ̀ àlòkù gbówó lórí gan-an ní Amẹ́ríkà, àwa tí à ń rà á lẹ́yìn wọn la sì jẹ gbèsè rẹ̀ ní Èkó àti ní Adó. Èyí tó wá dùn mí wọ egungun ni ti kọ́sítọ́ọ̀mù. Nígbà tí àbúrò mi fi orúkọ sílẹ̀, nǹkan bíi 420 náírà ni wọ́n fi ń ṣírò dọ́là kan bí ẹrù bá dé èbúté. Nígbà tó fi di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,300. Ọkọ̀ kan náà ni, kò yípadà, àfi pé ó tún ti gbó sí i. Gbogbo àsìkò yẹn, ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni mo ń háyà láti kó iṣu lọ sí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, ní iye tí awakọ̀ bá dá lé mi láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ẹni tó bá ti dá èsúsú rí á tètè yé. Bí olórí èsúsú bá mọ̀ pé ẹni mẹ́wàá ló lè kó owó láàárín ọdún, tó sì lọ ń gba owó lọ́wọ́ ẹni mẹ́rìnlélógún, tí ò sọ fún ẹnikẹ́ni, kí là ń pe olúwarẹ̀ ní Èkìtì? Wọn ò ní jẹ́ kó sùn sílé rẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn.

Àwọn kan ti sọ fún mi pé ọjà ni, pé ẹni tó bá lówó jù ló ń rà. Ọlọ́jà ni èmi náà, mi ò sì gbà. Bí iṣu bá wà lórí àtẹ tí kò tíì sí ẹni tó ṣàdéhùn lórí rẹ̀, kí oníṣu náà nájà bó ṣe fẹ́. Àmọ́ láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù keje, tí iṣu àtijọ́ ti ń tán tí tuntun ò sì tíì jáde, àwọn oníbàárà mi ti ń sanwó fún mi sílẹ̀. Bí ẹlẹ́rù bá ti Èkó dé lọ́jọ́ náà, tó sì ń na ìlọ́po méjì owó sí mi, iṣu yẹn kì í ṣe tèmi mọ́. Mo ti tà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé dílà tó ti gba àsansílẹ̀ ti ta ọkọ̀ náà ní iye ọjọ́ yẹn. Bó bá tún dá owó mìíràn lé e, ìrẹ́jẹ ni, kò sí orúkọ mìíràn tó ń jẹ́.

Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lóṣù kejì ọdún 2022, ọ̀gá àgbà Ford, Jim Farley, sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn mọ àwọn dílà tó ń gba ju iye tó yẹ lọ, àti pé èyí máa kan ìpín ọkọ̀ tí wọ́n máa rí gbà lẹ́yìnwá ọ̀la. Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn, torí ìpín ni pàṣán kan ṣoṣo tó ń ta dílà lára. Ìbáà dára kí àwọn tó ń kó ọkọ̀ tuntun wọ Nàìjíríà náà gbé irú pàṣán yẹn dání.

Àbúrò mi gba àsansílẹ̀ rẹ̀ padà níkẹyìn, ó sì lọ bá dílà mìíràn ní ìlú kékeré kan tó jìnnà sí i. Ohun tó mú un yàn án ni pé kí dílà náà tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti kọ ọ́ sínú ìwé: iye haíbíríìdì tí wọ́n ń rí gbà, ẹni tó wà níwájú rẹ̀, àti pé iye tó wà lára gíláàsì ni yóò san. Ìpín dílà yẹn kéré gan-an. Àmọ́ ìlà rẹ̀ kúrú, ó sì sọ òtítọ́ nípa rẹ̀, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti jáde.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni mo ń béèrè fún àwọn èèyàn wa. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 ní Nàìjíríà, tí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, fi ń ṣiṣẹ́, sọ pé wọn ò gbọdọ̀ gba ju iye tí wọ́n bá kọ sára ọjà lọ lọ́wọ́ ẹni tó ń rà á. Ó tún fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti fagi lé ọ́dà tí a ti fi sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọlọ́jà lè yọ ìwọ̀nba owó kan kúrò. Ṣùgbọ́n báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ lo òfin yẹn bí wọn ò bá kọ iye sórí rìsíìtì rẹ̀? Mo ń bẹ FCCPC kí wọ́n fi dandan lé e fún gbogbo dílà, kí wọ́n sì gbọ́ tiwa ní Èkìtì pẹ̀lú, kì í ṣe Èkó àti Àbújá nìkan. Bí náírà bá ń kó jìnnìjìnnì bá dílà, kó kọ ọ́ síbẹ̀ bí owó ọkọ̀ ṣe máa yí bí dọ́là bá yí, kí ẹni tó ń rà á lè pinnu bóyá òun á san án tàbí òun á jókòó jẹ́jẹ́.

Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rán akọ̀ròyìn yín sí àwọn tó ń ta ọkọ̀ tuntun ní Adó àti ní Àkúrẹ́, kó bi wọ́n léèrè: ọkọ̀ haíbíríìdì mélòó ni wọ́n ní kí ẹ máa retí lọ́dún yìí, orúkọ èèyàn mélòó lẹ sì ti gbà? Kí ẹ tẹ ìdáhùn wọn jáde bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ gan-an, kí ẹ sì kọ orúkọ èyí tí kò bá dáhùn síbẹ̀ pé kò dáhùn.

Èmi ni tiyín,
Ìyá oníṣu kan,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.