Ẹ má tíì ta oko nítorí iná jẹjẹrẹ

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Wọ́n ń sọ lọ́jà Ouando, níbí ní Àjàṣẹ́, pé àwọn dókítà ti ń fi iná jó jẹjẹrẹ ọ̀nà òróòro àti ti pánkíríásì (ẹ̀yà inú kan tó wà nítòsí ọ̀nà òróòro) dànù, kí ẹni tó bá ní oko tà á.

Iṣẹ́ náà wà lóòótọ́. Wọ́n á ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà gba ẹnu aláìsàn dé ìfun, wọ́n á ki wáyà bọ ọ̀nà òróòro tí jẹjẹrẹ fún pa, iná mànàmáná á mú ibẹ̀ gbóná fún bí ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Wọ́n á wá ki túùbù sí i kó má baà tètè dí. Kí òróòro ráyè ṣàn ni, kí ara yíyún dẹ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti rí aláìsàn tó ń fi ṣùkù àgbàdo ha ẹ̀yìn lóru mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Àmọ́ kò wo jẹjẹrẹ tí ọ̀bẹ kò lè yọ mọ́, ó sì lè fa àkóràn tàbí kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. Túùbù nìkan pàápàá ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni àgbo ibà pọ́njú tí àwọn èèyàn wa ń mu lámutúnmu, nígbà tí ìtọ̀ ti dúdú, tí ìgbẹ́ ti funfun, tó lè jẹ́ àmì pé ọ̀nà òróòro ti dí. Ẹ bá wa kọ ìyẹn sójú ewé àkọ́kọ́.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín, Àjàṣẹ́.