Bùkọ́lá, Màámi kò ṣarán

Ìjẹ̀bú-Òde

Bùkọ́lá ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ta ló sọ fún ọ pé Màámi ti ń ṣarán? Jókòó, kí n rò ó fún ọ, torí n kò lè sọ ọ́ lórí fóònù nígbà tí wọ́n bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

O rántí ìsọ̀ gàrí wọn l'Ókè Àjẹ. Lọ́dún tó kọjá, èmi àtàwọn ẹ̀gbọ́n mi fẹnu kò pé kí wọ́n lọ sinmi, pé kò yẹ kí ẹni ọdún 71 ṣì máa bá oníbàárà fa ọ̀rọ̀ nínú oòrùn. A gba ọmọ ọ̀dọ̀ fún wọn, a ra tẹlifíṣọ̀n ńlá. Inú wa ń dùn pé a ń tọ́jú ìyá. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi ń bi mí ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó bu omi mu tán. Ìkókoré tí wọ́n ti ń sè kí wọ́n tó bí wa, wọ́n rin ewùrà tán, wọ́n dúró tì í, wọn ò mọ ohun tó kàn.

Dókítà àkọ́kọ́ ní ọjọ́ ogbó ni, ó kọ fítámì fún wa. Aládùúgbò kan ní ọwọ́ ayé ni. Dókítà kejì ló fara balẹ̀. Ó ní kí wọ́n ya aago, ó sọ ọ̀rọ̀ márùn-ún fún wọn kí wọ́n rántí, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà wò. Ó ní iyè wọn ń ra díẹ̀, ó ju ìgbàgbé àgbà lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń dá nǹkan ṣe fúnra wọn. Ẹlòmíràn á dúró síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ti ẹlòmíràn á burú sí i, àwọn kan a tilẹ̀ padà sípò. Ó wá bi wá pé, "Kí ni Màmá ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́?" Bùkọ́lá, kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ó sọ fún wa pé ní Fínláǹdì, wọ́n kó àgbàlagbà 1,260 jọ, ẹni ọdún 60 sí 77. Fún ọdún méjì, wọ́n ń ṣọ́ oúnjẹ àwọn kan nínú wọn, wọ́n ń mú wọn ṣe eré ìdárayá, wọ́n ń fún ọpọlọ wọn níṣẹ́, wọ́n sì ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Lọ́dún 2015 ni àbájáde rẹ̀ jáde: ọpọlọ wọn jí ju ti àwọn tí wọ́n kàn gbà nímọ̀ràn lásán. Amẹ́ríkà náà ṣe tiwọn fún àgbàlagbà 2,111, èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2025. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n dá a ṣe náà jèrè, ṣùgbọ́n àwọn tó ń pàdé déédéé, tí ẹnì kan ń tọ́ sọ́nà, jèrè jù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì dé ibi tí Màámi dé, nítorí náà dókítà kò ṣèlérí ìwòsàn.

Ẹ̀rín pa mí, ó sì dùn mí. Gbogbo ohun tí wọ́n kó owó lé lórí yẹn, òun la gbà lọ́wọ́ Màámi. Ìrìn lọ sọ́jà, kóńgò kíkà, ìyọwó, ẹjọ́ rírò. Àwọn tó jẹ wọ́n lówó, orí ni wọ́n kọ orúkọ wọn sí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lọ sísọ̀ báyìí, ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń gbé àpò. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n ka kóńgò dé ìkeje, wọ́n sọnù. Wọ́n da gbogbo rẹ̀ padà sínú àpò, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀: ení, èjì, ẹ̀ta. Oníbàárà pòṣé. Màámi ní, "Gàrí mi ni, ọwọ́ mi ni."

A ti dín iyọ̀ àti màgí kù, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ yẹ̀. Nínú oúnjẹ tí wọ́n kọ fún wọn lókè òkun, èso kan wà tí n kò rí rí l'Ókè Àjẹ, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà la ń jẹ ní tiwa. Etí wọn náà ti di díẹ̀, àṣé wọ́n kàn ń mi orí fún wa ni. A ń tu owó jọ fún ẹ̀rọ rẹ̀. Wọ́n sì ti padà sípàdé ẹgbẹ́ wọn. Ìgbésẹ̀ tí wọn yóò fi jó wọ Ojúde Ọba ni wọ́n ń kọ́ báyìí, tí wọ́n sì ń bínú sí ẹni tó bá ṣì í.

Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé owó kóńgò méjì tí o gbé nígbà tí o ń lọ sí Kánádà ṣì wà lọ́rùn rẹ. Mo ní bóyá wọ́n ti ṣì ọ́ pè mọ́ ẹlòmíràn. Jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ ni?

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ,
Fúnkẹ́