Lẹ́tà sí Ọ̀rẹ́ Mi ní Santiago Nípa Miguel Grau, Ọ̀gá Ọkọ̀ Ogun Tó Di Aṣòfin

Ìbàdàn.

Àkànní, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Ara gbogbo wa le níbí, a dúpẹ́. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, ìbéèrè tí o fi parí rẹ̀ ni kò sì jẹ́ kí n fi èsì falẹ̀. O ní ó yà ọ́ lẹ́nu pé àwọn ará Ṣílè tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń fi ọ̀wọ̀ dárúkọ Miguel Grau, ọmọ Pérù tó bá orílẹ̀-èdè wọn jagun, tó sì kú sí wọn lọ́wọ́. O wá ní kí n sọ irú ènìyàn tó jẹ́ fún ọ. Ìtàn ogun ojú omi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀. Ohun tí èmi fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ̀ ni pé aṣòfin tí àwọn ará ìlú dìbò yàn ni ọkùnrin yìí kó tó lọ sí ogun tó pa á, àti pé lójú tèmi, ohun tó ṣe nínú ọ̀rọ̀ ìṣèlú ju gbogbo ohun tó ṣe lójú òkun lọ.

Ọjọ́ 27, oṣù Keje, ọdún 1834 ni wọ́n bí i ní agbègbè Piura, ní àríwá Pérù. Ará Cartagena, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Kòlóḿbíà lónìí, ni bàbá rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Simón Bolívar, ẹni tó ṣáájú ogun òmìnira kúrò lábẹ́ Sípéènì, ló bá dé Pérù, tó sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Etíkun Paita ni Grau ti dàgbà, ọmọ ọdún 9 péré sì ni nígbà tó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú omi àwọn oníṣòwò. Ọkọ̀ náà rì. Ọmọ náà padà wálé, kò sì pẹ́ tó tún fi wọ òmíràn, tó fi jẹ́ pé ó ti fẹ̀rẹ̀ lo ọdún 10 lórí òkun kó tó wọ iṣẹ́ ológun ojú omi Pérù ní ọdún 1854.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó nínú ìtàn rẹ̀, n kò ní fi pamọ́ fún ọ. Ní ọdún 1856, nígbà tó wà nínú ọkọ̀ ogun Apurímac, Lizardo Montero, tí í ṣe ọ̀dọ́ ológun bíi tirẹ̀, mú ọkọ̀ náà ṣọ̀tẹ̀ láti gbe Ọ̀gágun Vivanco lẹ́yìn, ẹni tó fẹ́ fi ìbọn gba ìjọba lọ́wọ́ Ramón Castilla. Grau bá wọn lọ. Ọmọ ọdún 22 ni. Nígbà tí ọ̀tẹ̀ náà forí ṣánpọ́n ní 1858, wọ́n yọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ó sì padà sídìí ọkọ̀ oníṣòwò fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó gbà á padà. Ó ti mọ̀ nígbà yẹn bí ó ṣe máa ń rí tí ológun bá rò pé òun lè fi ọkọ̀ ogun yan ẹni tí yóò jẹ́ olórí fún ìlú.

Ogun tí Pérù bá Sípéènì jà ló tún gbé e dìde. Ìjọba rán an lọ sí Yúróòpù nítorí àwọn ọkọ̀ ogun tuntun, ó sì tukọ̀ Unión wálé. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kejì, ọdún 1866, ó wà níbi ìjà Abtao, ní gúúsù orílẹ̀-èdè tí o wà yẹn, níbi tí àwọn ọkọ̀ Pérù àti ti Ṣílè ti jọ dojú kọ àwọn ará Sípéènì. Bẹ́ẹ̀ ni o, Àkànní: apá kan náà ni wọ́n jọ wà nígbà náà, ọdún 13 péré ló sì wà láàárín ìjà yẹn àti ogun tí wọ́n bá ara wọn jà.

Nínú ọdún kan náà ni Ààrẹ Mariano Ignacio Prado mú John Randolph Tucker, ará Amẹ́ríkà kan tó ti jà fún àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù nínú ogun abẹ́lé wọn, tó sì fi í ṣe olórí àwọn ọkọ̀ ogun náà. Ó dun àwọn ọ̀gá ọkọ̀ tí í ṣe ọmọ Pérù dọ́kàn. Grau àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé pé àwọn fipò sílẹ̀. Wọ́n tì wọ́n mọ́lé, wọ́n gbé wọn lọ síwájú ilé ẹjọ́ ológun, ilé ẹjọ́ náà sì dá wọn láre ní 1867. Mo fẹ́ kí o fi èyí wé ohun tó ṣe ní Apurímac. Ọdún 10 ló wà láàárín méjèèjì. Inú tó bí i lẹ́ẹ̀kejì kò kéré sí ti àkọ́kọ́, àmọ́ ìwé ló kọ, ó sì dúró de ìdájọ́.

Ní 1868 ni wọ́n fi ọkọ̀ Huáscar lé e lọ́wọ́, ọkọ̀ onírin tí wọ́n kàn ní Birkenhead ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ní ilé àgbá kan tó ń yí, àgbá ńlá méjì sì wà nínú rẹ̀. Òun ló wà nídìí ọkọ̀ yìí nígbà tí ọ̀ràn ọdún 1872 ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni mo sì ti fẹ́ kí o tẹ́tí sí mi.

Láti ìgbà tí Pérù ti gba òmìnira, ológun kan ló máa ń gbé ìjọba fún ológun mìíràn, yálà pẹ̀lú ìbò tàbí láìsí ìbò. Ní 1872, Manuel Pardo, oníṣòwò tó ti jẹ́ olórí ìlú Lima, tó sì dá ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn tí kì í ṣe ológun sílẹ̀, wọlé ìbò ààrẹ. Àwọn ọmọ ìyá mẹ́rin kan wà, àwọn Gutiérrez, tí gbogbo wọn jẹ́ ọ̀gá nínú ọmọ ogun orí ilẹ̀. Tomás, tó ṣáájú wọn, ni mínísítà ogun. Ní ọjọ́ 22, oṣù Keje, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí Pardo gorí àléfà, wọ́n mú Ààrẹ José Balta tó ń parí àkókò rẹ̀, wọ́n tì í mọ́lé, Tomás sì pe ara rẹ̀ ní olórí ìjọba.

Ọwọ́ wọn ti ba Lima. Àwọn ọkọ̀ ogun tó wà ní Callao, èbúté Lima, ni ọwọ́ wọn kò tíì bà. Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ 23, àwọn ọ̀gá ọkọ̀, tí Grau wà lára wọn, fọwọ́ sí ìwé kan tí wọ́n fi sọ fún gbogbo ìlú pé àwọn kò mọ ìjọba kankan tí kò bá òfin wá, wọ́n sì tu ọkọ̀ kúrò ní èbúté. Pardo fúnra rẹ̀ sá gba ojú omi lọ, ọ̀dọ̀ wọn ló sì forí pamọ́ sí. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọ̀ràn náà yí padà pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀: wọ́n pa Balta nínú àtìmọ́lé, àwọn ará ìlú sì fi ìbínú tú jáde, wọ́n pa mẹ́ta nínú àwọn Gutiérrez, wọ́n sì so òkú méjì nínú wọn kọ́ sí ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì àgbà ìlú Lima. Pardo gorí àléfà ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹjọ.

Ro ó wò, ọ̀rẹ́ mi. Kò sí ohun tí Grau àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò lè tọrọ lọ́jọ́ yẹn tí àwọn Gutiérrez kò ní fún wọn. Bí wọ́n bá sì fẹ́ lé Gutiérrez kí wọ́n fi ara wọn jọba, àgbá wà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó wọlé ìbò ni wọ́n gbà sínú ọkọ̀, òun náà ni wọ́n sì jẹ́ kó gba ipò rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ọjọ́ yẹn ju ọjọ́ ogun lọ, nítorí pé akin lójú ogun pọ̀ nínú ìtàn gbogbo ilẹ̀, àmọ́ ológun tó ní agbára lọ́wọ́ tó sì fà á fún òfin kò pọ̀.

Ní ọdún 1876 ni òun náà du ipò nínú ẹgbẹ́ Pardo, tí àwọn ará Paita sì dìbò yàn án sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù, àmọ́ Grau kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, iṣẹ́ tó mọ̀ ló sì gbájú mọ́ níbẹ̀: ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ̀ ogun. Ní 1877 wọ́n fi í ṣe olórí àgbà fún iṣẹ́ ológun ojú omi, ó sì kọ ìròyìn kan sí ìjọba nípa ipò tí iṣẹ́ náà wà àti ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Owó kò sí nínú àpò ìjọba. Kò pẹ́ tó fi padà sórí àga aṣòfin rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1878, sójà kan yìnbọn pa Pardo, tó ti di olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbìmọ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ ogun náà, o lè gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀, nítorí náà n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Iyọ̀ náítréètì inú aṣálẹ̀, tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀ àti ẹ̀tù ìbọn, ló fà á. Bòlífíà bu owó orí lé ilé iṣẹ́ Ṣílè kan tó ń wà á ní Antofagasta, tó jẹ́ ilẹ̀ Bòlífíà nígbà náà, Ṣílè kó ogun wọ ìlú náà ní oṣù Kejì ọdún 1879, àdéhùn ìkọ̀kọ̀ tí Pérù ti bá Bòlífíà ṣe ní 1873 sì fa Pérù náà wọ inú rẹ̀. Aṣòfin fi àga sílẹ̀, ó padà sínú Huáscar.

Ní ọjọ́ 21, oṣù Karùn-ún, ní Iquique, ó fi imú ọkọ̀ rẹ̀ kọlu Esmeralda ti Ṣílè lẹ́ẹ̀mẹ́ta títí tó fi rì. Arturo Prat, ọ̀gá Esmeralda, fò wọ inú Huáscar pẹ̀lú idà lọ́wọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì pa á sí. Grau ní kí wọ́n yọ àwọn ọmọ ogun Ṣílè tó ń rì sínú omi. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹfà, ó kọ lẹ́tà sí Carmela Carvajal, opó Prat, ó yin akin ọkọ rẹ̀, ó sì kó ẹrù olóògbé náà ránṣẹ́ sí i, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ohun gbogbo lọ́kọ̀ọ̀kan: idà kan, òrùka ìgbéyàwó, bọ́tìnnì ẹ̀wù, àwòrán ìyàwó àti ti ọmọ, ìbọ̀wọ́, áńkáṣíìfù funfun kan. Ẹni tó wà lẹ́nu ogun ló jókòó tó ń ka bọ́tìnnì ẹ̀wù ọ̀tá rẹ̀ kí ọ̀kan má bàa sọnù. Obìnrin náà fèsì ní oṣù Kẹjọ, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bóyá ibi tí ọ̀wọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ níbi iṣẹ́ ti ṣẹ̀ wá nìyẹn.

Ọjọ́ 8, oṣù Kẹwàá ni ó kú, ní Angamos. Ọta àgbá láti inú Cochrane, ọkọ̀ ogun Ṣílè, ló fọ́ ilé tó ti ń darí ọkọ̀, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí wọ́n rí kó jọ lára rẹ̀. Juan José Latorre tó darí Cochrane lọ́jọ́ náà di sẹ́nétọ̀ Ṣílè lẹ́yìn ogun. Jorge Montt, tó wà nídìí ọkọ̀ O'Higgins nínú ìjà kan náà, di ààrẹ ní 1891 lẹ́yìn tí àwọn ọkọ̀ ogun gbe ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lẹ́yìn láti fi ogun lé Ààrẹ Balmaceda lọ. Montero tó mú Apurímac ṣọ̀tẹ̀ nígbà èwe wọn náà ṣe olórí Pérù fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ṣílè wà ní Lima. Nínú gbogbo wọn, ipò Grau ló kéré jù: aṣojú ìlú Paita. Síbẹ̀, títí di òní, wọ́n ṣì máa ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn aṣòfin tó wà láàyè ní ilé ìgbìmọ̀ Pérù, àwọn yòókù a sì dáhùn pé ó wà níbẹ̀.

Huáscar fúnra rẹ̀, tí àwọn ará Ṣílè gbà ní Angamos, wà ní èbúté Talcahuano lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, wọ́n sì ti sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lórí omi. Bí o bá ráyè kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀, jọ̀wọ́ wo ohun tí àwọn ará Ṣílè kọ síbẹ̀ nípa Grau, kí o sì bá mi wò ó bóyá wọ́n mẹ́nu kan ọdún 1872 rárá. Kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi bí o ṣe rí i gan-an.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àjàní