Ojú lásán kọ́ la fi ń ka dimension

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìntì ni mí. Akọ̀wé yín kan kọ ọ́ láìpẹ́ yìí pé dimension kò ju iye ọ̀nà tí a lè gbà rìn lórí nǹkan lọ: ìlà jẹ́ ení, ojú tábìlì jẹ́ èjì, inú yàrá jẹ́ ẹ̀ta, ó parí. Kò tíì parí o.

Ẹ mú nọ́mbà mẹ́rin, ẹ ro square wọn pọ̀, kí ẹ ní kí àròpọ̀ náà jẹ́ òdo láìjẹ́ pé gbogbo wọn ni òdo. Nínú nọ́mbà ojoojúmọ́, kò lè ṣẹlẹ̀, torí square kì í lọ sábẹ́ òdo. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ a máa fi nọ́mbà tuntun kún ti àtijọ́ títí òdo yóò fi jáde. Irú àròpọ̀ square báyìí là ń pè ní quadratic form. Àwòrán tí gbogbo ìdáhùn tó sọ ọ́ di òdo para pọ̀ yà ní dimension 2: nọ́mbà mẹ́rin ni, ìdọ́gba náà gba ọ̀kan, a sì ka ìdáhùn kan àti ìlọ́po rẹ̀ sí ọ̀kan náà, ìyẹn gba òmíràn. Ẹ wá wò ó: níbikíbi tí square mẹ́rin bá ti di òdo, mẹ́ta náà á dà á. Ká ní 1 + a² + b² + c² = 0. A jẹ́ pé −1 = (b² + c²) ÷ (1 + a²). Ẹ fi 1 + a² sọ òkè àti ìsàlẹ̀ di púpọ̀. Ìsàlẹ̀ di square. Òkè di (b − ac)² + (ab + c)². Square méjì péré ló kó −1 jọ! Ẹ fi 1 kún un, square mẹ́ta ti di òdo. (Bí 1 + a² bá jẹ́ òdo ńkọ́? Ó tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: −1 fúnra rẹ̀ ti di square.) Ọjọ́ tí mo kọ ọ́ sójú pátákó, ọmọ kan bi mí pé, "Sà, ta ló jí ẹ̀kẹrin gbé?"

Nítorí náà, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wà nínú àwòrán yẹn (ti square mẹ́ta), tí dimension rẹ̀ jẹ́ 1, tó láti ṣe iṣẹ́ gbogbo àwòrán náà: níbikíbi tí àwòrán bá ti ní ìdáhùn, ìlà náà ní. 1 yẹn, dimension apá tó kéré jù tó lè ṣe iṣẹ́ náà, ni canonical dimension rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣirò Berhuy àti Reichstein ló gbé orúkọ náà jáde lọ́dún 2005, ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, Karpenko àti Merkurjev, ti rí ìṣirò ti quadratic form ní 2003: ẹ mú dimension, ẹ yọ first Witt index kúrò, ẹ fi 1 kún un. Witt index yìí ni iye ọ̀nà sí òdo tó ń ṣí lẹ́ẹ̀kan náà nígbà àkọ́kọ́ tí òdo bá jáde. Ti square mẹ́rin, méjì ló ń ṣí pọ̀: 2 − 2 + 1 = 1.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù rèé. Square márùn-ún, mẹ́fà, méje, mẹ́jọ: dimension wọn ń gòkè, 3, 4, 5, 6, àmọ́ canonical dimension dúró gbọin sórí 3. Tó bá di mẹ́sàn-án, ó fò sórí 7 lójijì, ibẹ̀ ló sì jókòó sí títí dé mẹ́rìndínlógún.

Mo ti ṣe ti mẹ́tàdínlógún sínú ìwé mi. Ẹ ní kí akọ̀wé yín kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ wò kí n tó sọ.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ àtijọ́