Sí ọmọ mi, lórí títo wáyà inú àpótí bírékà

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Wọ́n ní ìwọ ni yóò to àpótí bírékà ilé tí ẹ ń ṣe yẹn. Kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, pa bírékà àgbà, kí o sì fi tẹ́sítà wò ó bóyá iná ṣì wà. Kọ́kọ́ dán tẹ́sítà náà wò níbi tí iná wà dájúdájú, nítorí tẹ́sítà tó ti bàjẹ́ a máa purọ́. Rántí pé wáyà tó gbé iná wọlé kì í kú bí o tilẹ̀ pa bírékà àgbà. Iná ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Kí wáyà tó wọ àpótí ni kí o ti bó rọ́bà ìta rẹ̀. Jẹ́ kí rọ́bà ìta náà yọ sínú àpótí ní nǹkan bíi mìlímítà 6 sí 10, kí etí irin má baà máa ha wáyà inú. Fi ọ̀bẹ fá a yíká lérèfé, kí o wá tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn títí yóò fi ya fúnra rẹ̀. Bí o bá tẹ ọ̀bẹ wọlé jù, o ti gé rọ́bà inú nìyẹn, o ò sì ní í mọ̀.

Má ṣahun gígùn. Jẹ́ kí wáyà kọ̀ọ̀kan gùn dé ìkángun àpótí, ìgbà tí o bá tò ó tán ni kí o gé e. Ẹnu tí wàá bó fún bírékà sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 10 sí 12, ṣùgbọ́n wo ara bírékà fúnra rẹ̀, wọ́n máa ń ya ìwọ̀n rẹ̀ síbẹ̀. Bí ó bá gùn jù, bàbà á yọ síta. Bí ó bá kúrú jù, rọ́bà ni súkúrú á há, iná ò ní í ráyè kọjá dáadáa, ibẹ̀ á sì máa gbóná. Bàbà tí ọ̀bẹ bá ha, ibẹ̀ ni yóò ti kán bí o bá tẹ̀ ẹ́. Gé e kúrò, kí o tún un bó.

Ẹ̀gbẹ́ àpótí ni kí wáyà máa gbà, kí ó yà wọlé níwájú bírékà tirẹ̀, láìṣẹ́ ẹ kọ́rọ́. Má gbé e kọjá lórí bírékà. Àwọn kan fẹ́ràn láti fi okùn ike dè é pinpin ní gbogbo ìka méjì. Kò wù mí. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ wáyà kan lọ́la á ní láti já gbogbo rẹ̀.

Nútrà, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà: ọ̀kan ṣoṣo ni kí o fi sínú ihò kan. Fún súkúrú bírékà, dè é bí agbára tí wọ́n kọ sára bírékà ṣe sọ, kí o fa wáyà kọ̀ọ̀kan wò, nítorí súkúrú tó dẹ̀ ló máa ń jó bírékà. Kọ orúkọ yàrá sí ẹ̀gbẹ́ bírékà kọ̀ọ̀kan kí o tó dé ìdérí.

Èmi ni,
Bàbá rẹ