Ìpè sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́: ẹ bá wa ra ìwé ìhùmọ̀ fún àwọn ọmọ wa

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, nílé àti lẹ́yìn odi, a kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ní sáà tó kọjá, àwa ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ jókòó sẹ́yìn kíláàsì kan, ọmọdébìnrin kan sì mú dọ́sítà tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe jáde. Ó nu pátákó tó kún fún ìṣirò láti òkè délẹ̀. Eruku ṣọ́ọ̀kì tó máa ń bo olùkọ́ lójú kò fẹ́ rárá. A bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀, ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Bí dọ́sítà náà ṣe ń gba eruku, a mọ̀ọ́mọ̀ kò kọ ọ́ síbí. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú. A bi í léèrè àwòrán tó kọ́kọ́ yà. Ó ní ẹ̀yìn ìwé ìṣirò òun ti ọdún tó kọjá ni, wọ́n sì ti sun ún mọ́ ìdọ̀tí. Ọ̀rọ̀ náà dùn wá dọ́kàn.

Ohun tí a kọ́kọ́ ń tọrọ ni ìwé ìhùmọ̀ kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan: ìwé ẹlẹ́yìn líle, tí ojú ewé rẹ̀ ní nọ́ńbà, tí a rán pọ̀ débi pé bí ẹnikẹ́ni bá ya ewé kan kúrò, yóò hàn. Ọmọ á kọ déètì, á ya ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, á kọ èyí tó dán wò tí kò ṣiṣẹ́ àti ìdí rẹ̀. Olùkọ́ á buwọ́ lù ú. Èyí tí kò ṣiṣẹ́ yẹn gan-an ló jẹ wá lógún jù.

Ọmọ ọdún 15 ni Philo Farnsworth lọ́dún 1922, nígbà tó ya àwòrán sójú pátákó fún Justin Tolman, olùkọ́ kẹ́mísírì rẹ̀ ní Idaho, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó ń ṣàlàyé bí tẹlifíṣọ̀n ṣe lè fi iná mànàmáná gba àwòrán láìsí nǹkankan tó ń yí nínú rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, òun àti iléeṣẹ́ ńlá kan ń du pátẹ́ǹtì rẹ̀, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún olùhùmọ̀ lórí iṣẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ yìí wá jẹ́rìí nípa àwòrán tí Farnsworth yà fún un lọ́jọ́ náà. Farnsworth ló jàre. Kì í ṣe ẹ̀rí yẹn nìkan ló gbè é, ṣùgbọ́n ẹ wo olùkọ́ tó rántí.

Pátẹ́ǹtì jẹ́ àdéhùn láàrin olùhùmọ̀ àti ìjọba. Olùhùmọ̀ á ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ síta fún gbogbo ayé. Ìjọba á fún un láṣẹ láti dá ẹlòmíràn dúró láti ṣe é tàbí tà á, fún ọdún 20 ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, láti ọjọ́ tó fi ìwé sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Ibi tó ti ń ta bá àwọn ọmọ nìyí: bí wọ́n bá gbé e hàn níbi ìdíje sáyẹ́ǹsì kí wọ́n tó fi ìwé sílẹ̀, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè á ní kì í ṣe tuntun mọ́. Amẹ́ríkà ń yọ̀ǹda ọdún 1 fún olùhùmọ̀ láti fi ìwé sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti gbé e hàn. Kì í ṣe ibi gbogbo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí tí a fi pa àṣírí dọ́sítà mọ́ nìyẹn.

Àwọn kan nínú wa ní ọmọdé kéré sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ọdún 15 ni Chester Greenwood nígbà tó tẹ wáyà, tí ìyá rẹ̀ àgbà bá a rán irun ẹran mọ́ ọn, kí òtútù má bàa mú etí rẹ̀. Ó gba pátẹ́ǹtì lórí rẹ̀ lọ́dún 1877. A kò retí kí gbogbo ọmọ gba pátẹ́ǹtì. Owó ń lọ sí i, ọ̀pọ̀ ìhùmọ̀ kò sì nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló lè ka ti àwọn tó ṣáájú lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Google Patents tàbí Patentscope, àwọn ìkànnì íńtánẹ́ẹ̀tì tí a ti ń wá pátẹ́ǹtì, kí wọ́n mọ̀ bóyá ẹnìkan ti ṣe é rí. A nílò kọ̀ǹpútà méjì fún èyí.

A kò bu iye lé ẹnikẹ́ni lórí. Ẹni tó lè ra ìwé fún ọmọ kan, ẹ bá wa rà á. Ẹni tí agbára rẹ̀ gbé kíláàsì kan, a dúpẹ́. Ayùn, òòlù àti ẹ̀mú àlòkù tó ṣì dára wúlò. Ẹ̀yin agbẹjọ́rò àti ẹnjiníà wa, wákàtí kan ṣoṣo yín nínú kíláàsì la ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ti yín lé akápò lọ́wọ́ kí sáà tó ń bọ̀ tó wọlé.

Ọmọ tó ṣe dọ́sítà ti tún àwòrán rẹ̀ yà sórí bébà kan, ó kọ déètì sí i. Olùkọ́ rẹ̀ ń bá a tọ́jú rẹ̀ títí ìwé yóò fi dé.

Akọ̀wé, lórúkọ ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́